Ata rodo mẹ́tàlá: bí mo ṣe mú irúgbìn hù nínú abọ́ áísìkiriìmù

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ́n irúgbìn ata rodo sẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn. Àkọ́kọ́, èèrà kó o lọ. Ìkejì, òjò kan ṣoṣo wọ́ gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà. Ìkẹta, nǹkan hù lóòótọ́. Mo bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, títí ìyá mi fi wá kí wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, tí wọ́n ní, "Ta ló ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún báyìí?"

Mo wá ní lọ́dún yìí, inú ilé ni irúgbìn yóò ti hù, níbi tí ojú mi ti tó o, kó tó di pé ó mọ ilẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, gbogbo ohun tí mo bá ṣe ni mo ń kọ síbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo dà kọ síhìn-ín, àti èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́. Èyí tó bàjẹ́ ló pọ̀ jù.

Ohun èlò àti owó

Tíṣù ìnuwọ́ ńlá kan, ₦1,500. (Tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lò. Bó bá ti kan omi, ó di ẹ̀kọ. Ẹ má dán an wò.) Irúgbìn ewédú, agolo tòmátò kékeré kan, ₦1,000. Irúgbìn ilá, ọ̀rá kan, ₦700. Ata rodo tó pọ́n dáadáa, ₦300. Ilẹ̀dú àpò kan, ₦1,500, àti ₦500 fún ọlọ́kadà tó bá mi gbé e délé. Àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lójúlé kejì ló fún mi ní yanrìn, wọn ò gba kọ́bọ̀. Abọ́ áísìkiriìmù mẹ́ta wà nínú ilé ìdáná; egúsí ni ìyàwó mi kó sínú wọn, a sì ti parí ìjà yẹn. Ìyókù ò ná mi lówó: aṣọ àǹkárá tó ti gbó, ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun ojú, igi ìtayín, máàkà, àti ọ̀rá omi tí a ti mu tán.

Mo tún ra tẹmómítà, ₦2,500. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦8,000. Ká ní mo mọ̀ ni, ₦5,500 ni ǹ bá ná, torí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lo tẹmómítà yẹn.

1. Ewédú kò gbọ́ ti omi tútù (láti 18 Oṣù Kìíní)

Mo ka hóró ewédú 50. Mo rẹ wọ́n sómi tútù di ọjọ́ kejì, mo tẹ́ wọn sórí tíṣù tó rin, mo dá apá kejì tíṣù náà bò wọ́n, mo dé abọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, 3 péré ló yọ gbòǹgbò. Àwọn yòókù wà bí mo ṣe kó wọn síbẹ̀, wọ́n le koko bí ẹni pé omi ò kàn wọ́n rí.

Mo padà lọ bá ìyá tó tà á fún mi ní ọjà Bódìjà. Mo kí wọn tán, mo ní, "Mà, irúgbìn ọjọ́sí ò mà hù o."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná?"

Mo ní rárá, mà.

"Ọmọ mi, ewédú tí wọn ò bọ̀ lómi gbígbóná, ìgbà tó bá wù ú ló máa jí."

Wọn ò sọ bí yóò ti pẹ́ tó nínú omi, èmi náà ò sì béèrè. Mo délé, mo hó omi, mo da hóró 50 sínú kọ́ọ̀bù, mo da omi náà lé e lórí, mo fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ bí ẹni po tíì. Lọ́jọ́ kejì gbogbo wọn ti wú, inú mi dùn. Ọjọ́ kẹrin, kò sí gbòǹgbò kankan. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, inú rẹ̀ tú jáde bí ẹ̀wà tó jinná. Mo ti sè é.

2. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá

Ní báyìí mo gbé aago fóònù síwájú. Mo pín hóró 150 sọ́nà mẹ́ta, mo di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àǹkárá pẹlẹbẹ, mo so ó ní òwú gígùn kí ọwọ́ mi má bàa jó. Omi hó tàyà, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, mo ti ìdì kìíní bọ̀ ọ́, mo kà á dé 5, mo fà á yọ, mo sọ ọ́ sínú omi tútù tí mo ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dá omi náà padà sórí iná kó tún hó kí n tó ti ìdì kejì bọ̀ ọ́. Èyíinì lo ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìdì kẹta, 30, kí n lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta.

Èsì rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin: ìṣẹ́jú àáyá 5, hóró 34 nínú 50 ló hù. Ìṣẹ́jú àáyá 10, 41. Ìṣẹ́jú àáyá 30, 11. Ọjọ́ kejì gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti 10 ti yọ ìrù funfun. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń le débi pé omi ò ráyè wọlé. Omi gbígbóná ló ń là á. Bó bá wá pẹ́ jù, iná á kan ọmọ inú.

Ẹ rántí omi tútù yẹn o. Ẹni tó bá fà á yọ tó kàn gbé e kalẹ̀, ooru inú aṣọ á ṣì máa sè é lọ.

Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀mú mú àwọn tó hù sínú ilẹ̀. Mo ṣí 10, 8 kú. Gbòǹgbò ewédú tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Mo wá gbà pé iṣẹ́ tíṣù fún ewédú kò ju pé kó jẹ́ n mọ̀ bóyá irúgbìn náà yè, àti bí omi gbígbóná ṣe máa pẹ́ lára rẹ̀ tó. Ní 2 Oṣù Kejì, mo bọ ìyókù agolo náà fún ìṣẹ́jú àáyá 10, mo sá a sí ibòji títí ó fi gbẹ lára, mo pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ìlọ́po mẹ́rin kó má bàa ṣù síbì kan, mo fọ́n ọn sórí bẹ́ẹ̀dì oní-mítà kan sí méjì, mo sì ń fi agolo tí mo dá lu bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú. Ní 16 Oṣù Kẹta a ṣẹ́ ewé àkọ́kọ́. Gbẹ̀gìrì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Ilá

Mo rẹ 20 sómi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì lórí tíṣù, 19 ti la ẹnu. Ìnáwó tíṣù lásán ni. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ gbìn ín sí ààyè rẹ̀ tààrà.

4. Ata rodo, ìgbà kìíní: mo rì í sómi (18 sí 27 Oṣù Kìíní)

Ata gan-an ni mo torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo la ata tó pọ́n, mo fi ọwọ́ lásán họ hóró rẹ̀ jáde. Ẹ lo ọ̀rá sọ́wọ́! Mo fọwọ́ nu ojú lẹ́yìn wákàtí kan, epo pupa ni ìyàwó mi fi yọ mí, kò sì yé rẹ́rìn-ín.

Mo ti gbọ́ pé irúgbìn tó bá léfòó lórí omi kò ní ọmọ nínú. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ife omi. 15 léfòó, mo fọ́n wọn sórí àwo pẹlẹbẹ lójú fèrèsé, mo ní n óò dà wọ́n nù. Mo mú 20 nínú àwọn tó rì, mo kó wọn sórí tíṣù.

Mo da omi sí tíṣù náà títí ó fi ń kán. Torí pé ọyẹ́ ń fẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò gbẹ, mo sì ń fi kún un láràárọ̀. Ọjọ́ kẹfà, òórùn kan ń jáde nínú abọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, ebu funfun ti bo àárín tíṣù, àwọn hóró tó wà níbẹ̀ sì ti rọ̀, wọ́n ń yọ̀. 3 ló hù létí abọ́, níbi tí omi ò pọ̀ sí. Mo gbìn àwọn mẹ́ta náà sínú kéréètì ẹyin tí mo kó ilẹ̀dú sí. Kéréètì yẹn fa gbogbo omi ilẹ̀ mu lọ́sàn-án, ó gbẹ bíi páálí. Bí mo bá tún bomi rin ín, òun fúnra rẹ̀ á bu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí. N ò tún lo kéréètì mọ́.

5. Ata rodo, ìgbà kejì (28 Oṣù Kìíní sí 16 Oṣù Kejì)

Ohun mẹ́ta ni mo yí padà.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo sá hóró náà sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹran ara ata tó lẹ̀ mọ́ ọn gbẹ kúrò. Ẹran ara yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bu.

Ìkejì, mo ri tíṣù bọ omi, mo fún un bí ẹni ń fún aṣọ, títí kò fi kán mọ́. Bó bá tutù lọ́wọ́, tí omi ò sì tẹ̀lé ọwọ́, ó ti tó. Mo dé abọ́, n ò sì fi omi kún un àfi ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ kẹsàn-án, ṣíbí ìmumi-tíì kan. Mo ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ìkẹta ni ooru. Níbí ni tẹmómítà ti rí iṣẹ́ ṣe. Lójú fèrèsé lóru, nínú ọyẹ́, 21 ló kà. Lórí sìtàbíláísà tó wà lẹ́yìn fíríìjì, 30 ló kà, bẹ́ẹ̀ láàárín 27 sí 32 ni ara ata rodo ti ń yá láti hù. Mo gbé abọ́ náà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, mo ń fi tówẹ̀lì bò ó bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tí kò ní fíríìjì lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tí iná ti kú; kó ṣáà ti fọwọ́ kàn án kó mọ̀ pé ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kì í ṣe pé ó gbóná.

Ní 1 Oṣù Kejì mo kó 40 sórí tíṣù. Nínú abọ́ kejì, mo kó àwọn 15 tó léfòó ọjọ́ kìíní, tí mo gbàgbé lójú fèrèsé. Mo fi máàkà kọ "LÉFÒÓ" sí ìdérí rẹ̀.

Ọjọ́ méje àkọ́kọ́, kò sí nǹkankan. Ìgbà yìí ni ọwọ́ máa ń hún ènìyàn láti fi omi kún un. Ọjọ́ kẹjọ, méjì yọ. Ọjọ́ kọkànlá, wọ́n di 14. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, 26 nínú 40. Nínú àwọn tó léfòó, 9 nínú 15 hù! Irúgbìn ata fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, ó lè léfòó tọmọ-tọmọ. Ẹ̀rí àgbọ́sọ yẹn ìbá mú mi da ata mẹ́sàn-án nù. Mo kó wọn fún Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, torí ilẹ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ kò ní gbà wọ́n.

6. Láti orí tíṣù sínú ilẹ̀ (10 sí 17 Oṣù Kejì)

Mo gé ọ̀rá omi lórí, mo dá ìdí rẹ̀ lu níbi mẹ́rin, mo kó ilẹ̀dú ìlọ́po méjì pò mọ́ yanrìn ìlọ́po kan sínú rẹ̀. Mo fi ìdí bírò gún ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan, mo fi ẹ̀mú di èèpo hóró mú (ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rárá), mo sọ ọ́ síbẹ̀ kí gbòǹgbò kọjú sísàlẹ̀, mo fi ilẹ̀ bò ó láìtẹ̀ ẹ́.

Bí gbòǹgbò bá ti gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, àsìkò ti tó. Mo fi méjì sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta, ní mo ń dúró kí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá wọn. Gbòǹgbò wọn ti wọ inú tíṣù, bí mo ṣe fà wọ́n, wọ́n já. Ó ku 24. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn, èyí tó bá ti wọ tíṣù, mo ń fi àlùmọ́gàjí gé tíṣù náà yí i ká ni, mo sì ń gbìn ín tíṣù-tíṣù. Ó ń jẹrà nínú ilẹ̀, kò dí wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, mẹ́rin nínú wọn dé fìlà: èèpo hóró fún wọn lórí, ewé méjì àkọ́kọ́ ò lè là. Mo fi agídí bọ́ ti àkọ́kọ́, orí bá a lọ. Ó ku 23. Fún àwọn mẹ́ta tó kù, mo fi igi ìtayín kán omi sí fìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, ó rọ̀, ó sì bọ́ fúnra rẹ̀.

7. Òru ọjọ́ tí méje ṣubú (24 Oṣù Kejì)

Mo jí láàárọ̀, méje dùbúlẹ̀. Ewé wọn ṣì tutù, àmọ́ ọrùn wọn, níbi tó ti pàdé ilẹ̀, ti di tínínrín, ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi òwú fún un. Mo kọ́kọ́ rò pé òùngbẹ ni, mo sì bomi rin wọ́n. Wèrè ni mo ṣe. Àrùn inú ilẹ̀ ni, omi àpọ̀jù sì ni oúnjẹ rẹ̀. Kò sí èyí tó dìde nínú méjèèje.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyí: ilẹ̀dú inú àpò yẹn, bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe lò ó. Alaalẹ́ ni mo ń bomi rin wọ́n láti òkè, ọ̀rinrin á sì wà lára wọn di àárọ̀. Mo sì tò wọ́n pọ̀ gádígádí sígun ilé tí afẹ́fẹ́ kì í dé.

Àtúnṣe rẹ̀: mo kó èyí tó kú jù sóde, tòun ti ilẹ̀ rẹ̀. Mo fi ìbú ọwọ́ kan sáàárín ọ̀rá sí ọ̀rá. Mo gbé wọn sínú àwo pẹrẹsẹ, inú àwo ni mo ń da omi sí láàárọ̀, ọ̀rá á fà á láti ìdí. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí mo ń da èyí tó kù nù. Mo wọ́n yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sójú ilẹ̀ kí ọrùn wọn má máa rin. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tó tún ṣubú. Ilẹ̀dú tó kù nínú àpò, mo da omi tó ń hó lé e lórí nínú garawa, mo bò ó, mo jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Òun ni n óò lò nígbà mìíràn.

Ó ku 16.

8. Oòrùn àti adìyẹ

Wọ́n ti ń nà bí ẹni tó ń yọjú lórí ògiri: ọrùn gígùn, ewé pẹ́ẹ́pẹ́, gbogbo wọn tẹ̀ sọ́nà fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ò tó wọn ni. Mo gbé wọn bọ́ sí bàrándà, oòrùn àárọ̀ wákàtí kan lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, títí wọ́n fi lè dúró di ọ̀sán. Ẹ má gbé e láti inú iyàrá sínú oòrùn ọ̀sán lójijì. Ewé ọ̀kan funfun gbòò nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó sọjí.

Lọ́jọ́ kejìlá tí wọ́n ti wà ní bàrándà, adìyẹ kan gun orí pákó, ó tu mẹ́ta. N ò mọ aládìyẹ. Mo ti béèrè kiri àdúgbò, kò sẹ́ni tó ní adìyẹ lọ́jọ́ náà. Mo fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àtijọ́ bo ìyókù. Ó ku 13.

9. Ilẹ̀ (29 Oṣù Kẹta)

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ ti rọ̀. Ata ti ní ewé mẹ́fà sí mẹ́jọ, gíga wọn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn ti wọ̀, mo fi abẹ la ọ̀rá, mo gbé ata tòun ti ìṣù ilẹ̀ rẹ̀ sínú ihò, sẹ̀ǹtímítà 50 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, kòkòrò gé ọ̀kan nídìí lóru, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Mo wa ilẹ̀ ìdí rẹ̀, mo bá kòkòrò náà níbi tó ká jọ sí, sísanra, aláwọ̀ eérú. Mo gé ike ìgò omi sí òrùka, mo fi yí ìdí àwọn yòókù ká, ó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì.

12 Oṣù Kẹrin ni mo ń kọ èyí. Méjìlá ló dúró lẹ́yìn ilé mi. Mo yọjú sí Ìyá Ìbejì lánàá. Wọ́n ti kó àwọn mẹ́sàn-án tó léfòó yẹn sínú garawa ọ̀dà àtijọ́ mẹ́ta, wọn ò sì kọ nǹkan kan sínú ìwé kankan. Mẹ́sàn-án ló ṣì wà, wọ́n sì ga ju tèmi lọ. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n ní, "Omi ẹ̀ṣan ìrẹsì ni mo ń dà sí i, nígbà tí mo bá rántí."